Kírẹ́díìtì Márùn-ún Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ SS3: Àlàyé fún Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Girama

Lọ́dọọdún tí èsì WAEC bá jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀: "Ọmọ mi ti parí ilé ìwé, ó ti ṣe WAEC, kò ní F9 kankan, kí ló wá dé tí yunifásítì ní àwọn ò lè gbà á?" Ìdí ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń kà sí ọ̀kan. Pé ọmọ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀kan nìyẹn. Pé ó ní èsì WAEC lọ́wọ́, ìkejì nìyẹn. Pé ó ní kírẹ́díìtì, ìyẹn C6 sókè, nínú àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ ń béèrè, ìyẹn ni ìkẹta. Ọmọ lè ní méjì àkọ́kọ́ kó má ní ìkẹta. Ìkẹta yìí ló sì ń dun òbí jù, torí pé nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú ìdánwò, lọ́sẹ̀ tí ọmọ yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì ní SS1, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti pàdánù rẹ̀ láìmọ̀.

Ìwé tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ń kọ fún ọmọ ni à ń pè ní testimonial. Ọ̀gá ilé ìwé ló ń fọwọ́ sí i. Ó ń sọ ọdún tí ọmọ wọlé àti ọdún tó jáde, irú ìwà tó hù, bóyá ó ṣe pírífẹ́ẹ̀tì tàbí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé. Ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì ẹyọ kan lè gba testimonial tó dára gan-an, nítorí ìwà àti wíwá sí ilé ìwé ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí. Bákan náà ni ayẹyẹ ìdágbére SS3 tí òbí ń ránṣọ sí. Kí èsì tó jáde ni wọ́n máa ń ṣe é, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó mọ ohun tí ọmọ ní.

Ní ti WAEC, kì í sọ lápapọ̀ pé ọmọ yege tàbí pé ó kùnà. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní gíréèdì tirẹ̀. Máàkì 75 sókè ni A1, 70 sí 74 ni B2, 65 sí 69 ni B3. C4 jẹ́ 60 sí 64, C5 jẹ́ 55 sí 59, C6 jẹ́ 50 sí 54. Orí C6 ni kírẹ́díìtì dúró sí. D7, tó jẹ́ 45 sí 49, àti E8, tó jẹ́ 40 sí 44, jẹ́ pé ọmọ yege nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ kì í ṣe kírẹ́díìtì. Ohun tó bá wà lábẹ́ 40 ni F9. Gíréèdì yìí kan náà ni NECO ń lò. Nítorí náà, ọmọ tó ní D7 nínú Ìṣirò kò fìdí rẹmi. Síbẹ̀, lójú ẹni tó ń gba ọmọ sí yunifásítì, bíi pé kò ṣe Ìṣirò rárá ni. Tí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ kan "pa gbogbo ẹ̀ jáde", ẹ béèrè iye tó wà láti C6 sókè, àti nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ń béèrè báyìí

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tún ìlànà gbígba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé yẹ̀ wò. Fún yunifásítì, kírẹ́díìtì márùn-ún ṣì ni, nínú àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó bá kọ́ọ̀sì mu, kó má ju ìjókòó méjì lọ, kí Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Ìṣirò jẹ́ dandan fún ẹni tó ń lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìmọ̀ àwùjọ. Kò di dandan mọ́ fún ẹni tó ń lọ ka áàtì. Fún ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, irú èyí tó wà ní Ọ̀wọ̀, kírẹ́díìtì mẹ́rin ni: Èdè Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan fún kọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì, Ìṣirò sì pọn dandan fún ti sáyẹ́ǹsì. HND, ìwé ẹ̀rí tó ga ju ND lọ, ń béèrè márùn-ún, tòun ti Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Fún NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mẹ́rin ni: Èdè Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan fún áàtì àti ìmọ̀ àwùjọ, Ìṣirò sì pọn dandan fún sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́.

Nígbà tí ìròyìn náà kọ́kọ́ jáde, àwọn kan ń sọ kiri pé Ìṣirò ti kúrò nínú WAEC. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ náà tún jáde sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pátá, àti áàtì àti sáyẹ́ǹsì, ló ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò kí wọ́n sì jókòó ṣe é. Ohun tó yí padà ni ohun tí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ áàtì. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì láṣẹ láti béèrè ju èyí tó kéré jù lọ. Ọmọ áàtì tó bá patì Ìṣirò láti SS1 ti ti ilẹ̀kùn Ètò Ọrọ̀ Ajé, Ìṣirò Owó (Accounting) àti ìmọ̀ ìṣàkóso mọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè yí ọkàn padà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé SS3. Kí ó ṣe Ìṣirò bí ẹni tó fẹ́ kírẹ́díìtì nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìjọba àpapọ̀ fi sí fún wíwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òbí tó ń sáré mú ọmọ fò kíláàsì kí ó lè parí girama ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń sáré lásán, torí ọmọ náà yóò padà jókòó dúró nílé.

Bí ilé ìwé ṣe ń gbé ọmọ lọ kíláàsì tó kàn

Ọdún ẹ̀kọ́ wa jẹ́ táàmù mẹ́ta, láti oṣù Kẹsàn-án títí dé oṣù Keje. Nínú táàmù kọ̀ọ̀kan, máàkì ọmọ pín sí méjì: èyí tí tíṣà ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ láti inú tẹ́ẹ̀sì, àṣetiléwá àti práktíkà, àti ti ìdánwò ìparí táàmù. Ilé ìwé kan a fi 40 sí àkọ́kọ́, 60 sí ìkejì. Òmíràn a lo 30 àti 70. Lópin ọdún, wọn a ro táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn a sì pín in sí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan nínú Báyọ́lọ́jì. Ní táàmù kìíní ó ní 31 nínú 40 àti 38 nínú 60, àpapọ̀ 69. Ní táàmù kejì ara rẹ̀ ò yá, kò ṣe tẹ́ẹ̀sì kan àti práktíkà kan, wọ́n kọ òdo sí méjèèjì, ó wá ní 14 nínú 40 àti 36 nínú 60, àpapọ̀ 50. Ní táàmù kẹta ó ní 25 àti 33, àpapọ̀ 58. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 177, tí a bá pín in sí mẹ́ta ó di 59. Ká ní ó ṣe tẹ́ẹ̀sì àti práktíkà náà, tó sì rí 15 péré nínú méjèèjì, táàmù kejì ì bá jẹ́ 65, ìparí ọdún ì bá sì jẹ́ 64. Máàkì márùn-ún ti lọ láti ara òdo méjì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè nípa rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, kí òbí mú ìwé dókítà lọ bá tíṣà kíláàsì kí táàmù tó parí, kí wọ́n fún ọmọ láyè láti ṣe tẹ́ẹ̀sì náà. Tí wọ́n bá ti fi máàkì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ó máa ń ṣòro gan-an láti tún un ṣe.

Ìlànà ìgbéga yàtọ̀ láti ilé ìwé kan sí òmíràn. Púpọ̀ nínú wọn ń béèrè pé kí ọmọ yege nínú iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan, kí Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà lára wọn. Ọmọ tó kù díẹ̀ kó kún ojú ìwọ̀n, wọ́n lè gbé e lọ pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé tí kò bá ṣe dáadáa ní táàmù kìíní, wọn á dá a padà. Ẹ má fi ìkìlọ̀ yẹn ṣeré. Kí òbí gba ìwé ìlànà ilé ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kó sì ka ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ìgbéga, dípò kó dúró di ìgbà tí ríkọ́ọ̀dù bá jáde.

Ohun kan tó yẹ ká sọ láìfi bò: ipò tí ọmọ gbà ní kíláàsì kò sọ púpọ̀. Ọmọ tó gba ipò kìíní ní kíláàsì tí gbogbo wọn ń gba máàkì 40 sí 48 nínú Físíìsì kò tíì ní kírẹ́díìtì nínú Físíìsì. Ọmọ tó gba ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ní kíláàsì mìíràn pẹ̀lú 67 ti ní in. Máàkì ni kí ẹ wò, ẹ fi ipò sílẹ̀.

Máàkì inú kíláàsì yìí ò dúró sí ilé ìwé nìkan. WAEC ń gba máàkì àtìgbàdégbà ọmọ, èyí tí tíṣà ń kó jọ nínú kíláàsì, lọ́wọ́ ilé ìwé láti SS1 títí dé SS3, ó sì ń kà á mọ́ èsì. Ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ ilé ìwé ní SS3 fi léwu: ilé ìwé tuntun kò ní ríkọ́ọ̀dù ọmọ lọ́wọ́. Tí ẹ bá ń ti Èkó kó bọ̀ sí Àkúrẹ́, ẹ gbìyànjú kó jẹ́ kí ọmọ tó wọ SS2, kí ẹ sì kó ìwé ìpààrọ̀ ilé ìwé, ríkọ́ọ̀dù gbogbo táàmù àti èsì JSS3 dání.

SS1: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́

Ní JSS3, ọmọ ń ṣe ìdánwò BECE, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Junior WAEC. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀. Fún àwọn ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ bíi ti Ìdóànì àti ti àwọn obìnrin ní Àkúrẹ́, NECO ló ń ṣe é. Èsì rẹ̀ ni ilé ìwé fi ń mọ ẹni tí wọ́n á gbé lọ SS1, òun náà ni wọ́n sì fi ń gba òbí nímọ̀ràn ibi tí ọmọ lè lọ: sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣíà.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù sọ́bújẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ wálé. Fọ́ọ̀mù pélébé ni, ọ̀pọ̀ òbí a sì fọwọ́ sí i láìkà á. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Fọ́ọ̀mù yìí ni òkèèrè náà. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 dín sọ́bújẹ́ẹ̀tì àwọn SS kù sí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, àyè tí ọmọ ní láti fi ṣe àṣìṣe sì ti kéré. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n lè yàn náà ti di mẹ́fà péré: títo iná sólà àti títún un ṣe, aṣọ rírán, sísin ẹran, ìtọ́jú ẹwà, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn.

Bí a ṣe ń ka fọ́ọ̀mù náà ni pé ká ti ẹ̀yìn wá. Ẹ béèrè kọ́ọ̀sì tí ọmọ ní lọ́kàn, kódà kó jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wá wo ohun tí kọ́ọ̀sì náà ń béèrè lórí ìkànnì JAMB tí wọ́n ń pè ní IBASS, tó kó ìlànà yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ gbogbo jọ, ẹ sì fi wé fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Oǹdó, gbọ́dọ̀ ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Márùn-ún náà ti pé, kò sí èyí tí a lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Ibẹ̀ ni ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ti ń wá: ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì á sá fún Físíìsì torí pé ó le, á fi Ẹ̀kọ́ Ọ̀gbìn dípò rẹ̀, á sì ní A1 nínú Ẹ̀kọ́ Ọ̀gbìn. A1 yẹn kò lè gbé e wọ kíláàsì nọ́ọ̀sì.

Ẹni tó ń wo ìmọ̀ ẹ̀rọ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, nílò Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì, kó sì fi sáyẹ́ǹsì mìíràn tó bá kọ́ọ̀sì náà mu pé márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ ka òfin ní yunifásítì Àkùngbá kò gbọdọ̀ fi Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ kọmáṣíà ló ń rò pé àwọn lè ka òfin torí àwọn ní Gọ́fúmẹ́ǹtì àti Ètò Ọrọ̀ Ajé, kí wọ́n tó wá rí i ní SS3 pé Lítíréṣọ̀ ò sí nínú iṣẹ́ wọn. Ìṣirò Owó ń béèrè Ìṣirò àti Ètò Ọrọ̀ Ajé. Èdè Yorùbá jẹ́ kírẹ́díìtì tó lágbára fún ẹni tó ń lọ sí ẹ̀ka èdè, ìtàn tàbí iṣẹ́ ìròyìn. Kò bá ti ìmọ̀ ẹ̀rọ mu. Ìdánwò JAMB náà ń béèrè sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, mẹ́ta yòókù sì ní láti bá kọ́ọ̀sì mu. Ọmọ tí kò kọ́ Físíìsì rí nínú kíláàsì kò lè ṣe é ní JAMB.

Ẹ tún bi ilé ìwé léèrè bóyá wọ́n ní tíṣà Físíìsì àti yàrá práktíkà. Àwọn ilé ìwé kan ń kọ Físíìsì sórí fọ́ọ̀mù tí kò sì sí ẹni tó ń kọ́ ọ láti SS1 dé àárín SS2. Kí ẹ mọ èyí ní oṣù Kẹsàn-án SS1 sàn ju kí ẹ mọ̀ ọ́n ní oṣù Kẹta SS3 lọ.

Tí ọmọ bá fẹ́ pààrọ̀ láti sáyẹ́ǹsì sí áàtì tàbí láti áàtì sí sáyẹ́ǹsì, táàmù kìíní SS1 ni àsìkò rẹ̀. Ní SS2 ó ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ yóò máa fi ìsinmi ọdún kan gbáko lépa iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá. Lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti fi orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC ní SS3, ó ti parí nìyẹn.

Ìforúkọsílẹ̀ àti inú gbọ̀ngàn ìdánwò

Nígbà ìforúkọsílẹ̀ WAEC, ilé ìwé máa ń tẹ ìwé kan jáde tó ní orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, fọ́tò àti sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kí òbí àti ọmọ jọ kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Orúkọ wa ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí ọ̀nà tí à ń gbà kọ ọ́ pọ̀: Akinwumi lórí NIN, Akinwunmi lórí WAEC, Oluwafunmilayo níbí, Funmilayo lọ́hùn-ún. JAMB ń fa orúkọ láti ara NIN. Bí WAEC bá sọ ohun mìíràn, ọmọ lè rí ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ní kó lọ ṣe ìwé ìbúra (affidavit) ní kóòtù nígbà tí àwọn yòókù ti ń forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ mú orúkọ NIN ṣe orúkọ gbogbo ìwé, lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí NIN fúnra rẹ̀ bá ní àṣìṣe, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, ó pẹ́ tán ní SS2.

Inú ìdánwò fúnra rẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa méjì tó ń já ọmọ sí D7 jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní bébà mẹ́ta. Bébà kìíní jẹ́ ìbéèrè 80 fún wákàtí kan, máàkì 40. Bébà kejì, wákàtí méjì, máàkì 100: àròkọ ní 50, àyọkà ní 20, ìsọnísókí (summary) ní 30. Bébà kẹta ni ti ìró ohùn, ìbéèrè 60, máàkì 30. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń fi gbogbo àkókò wọn kọ àròkọ, wọ́n a wá sáré gba inú ìsọnísókí kọjá, wọn a da gbólóhùn inú àyọkà kọ bó ṣe wà. WAEC kì í fún ẹni tó bá da gbólóhùn kọ ní máàkì. Ìsọnísókí nìkan lè sọ D7 di C5. Bébà ìró ohùn sì jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ fi etí kọ́, torí pé Yorùbá kò ní díẹ̀ nínú àwọn ìró yẹn. Kí ilé ìwé má fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò.

Ìṣirò ní bébà méjì. Ìkìíní jẹ́ ìbéèrè 50 fún wákàtí kan àbọ̀. Ìkejì jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀, ìbéèrè 13: márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40; nínú mẹ́jọ tó kù, ọmọ yóò mú márùn-ún, máàkì 60. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ á ṣe mẹ́ta nínú mẹ́jọ yẹn, á jókòó sórí ẹyọ kan tó ta kókó, àkókò á sì tán. Máàkì wà fún ìgbésẹ̀, kì í ṣe fún ìdáhùn ìparí nìkan, nítorí náà kí ọmọ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá mọ̀ kó sì kọjá sí òmíràn.

Nínú Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, práktíkà jẹ́ bébà tirẹ̀. Kí ọmọ mọ ọjọ́ rẹ̀ lórí táìmùtébù, kì í bá ọjọ́ àwọn bébà yòókù dọ́gba.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọ má mú fóònù wọ gbọ̀ngàn, kódà bí wọ́n bá ti pa á. Ìyà rẹ̀ ní WAEC ni pé wọ́n ń fagi lé gbogbo èsì ọmọ, kì í ṣe bébà ọjọ́ náà nìkan. Òbí tó ń sanwó fún "ibùdó pàtàkì", níbi tí wọ́n ti ń jí ìdánwò wò, ní abúlé tí kò mọ̀ ń fi owó ra ewu yìí gan-an. Bí wọ́n bá fura sí ibùdó náà, wọ́n lè dá èsì gbogbo wọn dúró, ti ọmọ tó kàwé àti ti ẹni tí kò kà.

Nígbà tí èsì bá jáde: ìjókòó kan, ìjókòó méjì

Ìjókòó kan ni ìdánwò kan tí ọmọ ṣe lẹ́ẹ̀kan. WAEC ti ilé ìwé ní oṣù Kẹrin sí Kẹfà jẹ́ ìjókòó kan. NECO ọdún kan náà jẹ́ ìjókòó mìíràn. WAEC ti aládàáni, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní GCE, tó ní apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti apá kan sí ìparí ọdún, jẹ́ ìjókòó tirẹ̀. A lè da WAEC àti NECO pọ̀. Ohun tí a kò lè ṣe ni kí a kó kírẹ́díìtì jọ láti inú mẹ́ta.

Ẹ wo èyí. Ọmọ ní WAEC: Èdè Gẹ̀ẹ́sì C5, Ìṣirò D7, Báyọ́lọ́jì B3, Kẹ́mísìrì C6, Físíìsì E8. Ní NECO: Èdè Gẹ̀ẹ́sì D7, Ìṣirò C4, Físíìsì C6. A mú mẹ́ta láti WAEC, a mú Ìṣirò àti Físíìsì láti NECO, márùn-ún ti pé ní ìjókòó méjì. Ṣùgbọ́n ká ní Físíìsì NECO náà jẹ́ D7, tó sì lọ ṣe GCE tó gba C5 níbẹ̀, ìjókòó mẹ́ta nìyẹn, kò sì ní gbà á. Ọ̀nà àbáyọ ni pé tó bá fẹ́ ṣe GCE, kó forúkọ Ìṣirò àti Físíìsì pọ̀ sínú rẹ̀, kó lè ju NECO sọnù kó sì lo WAEC àti GCE. Ẹni tó bá ń tún ìdánwò ṣe, kó forúkọ gbogbo iṣẹ́ tó kù díẹ̀ káàtó sínú ẹyọ kan. Ẹ tún rántí pé àwọn yunifásítì kan ń béèrè ìjókòó kan fún àwọn kọ́ọ̀sì tí èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa yọ máàkì lọ́wọ́ ẹni tó ní méjì.

Ọmọ lè ṣe JAMB nígbà tí èsì WAEC kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n tí èsì bá ti jáde, ó gbọ́dọ̀ padà lọ sí ibùdó CBT (ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí láti fi èsì náà sórí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Fífi í sórí ìkànnì yunifásítì nìkan kò tó, torí orí ìkànnì JAMB ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí gbígbà ọmọ wọlé. Ọmọ tó ní máàkì JAMB tó dára tí kò sì ṣe èyí yóò máa dúró, yunifásítì náà yóò máa wò ó bí ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì kankan.

Fún àwọn tí ọmọ wọn ń lọ sí Amẹ́ríkà

Tí ọmọ bá wà ní SS1 tàbí SS2 tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ fẹ́ mú un lọ bá wọn ní Houston, ètò ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Kò sí WAEC lẹ́yìn. Kíláàsì 9 sí 12 ni girama wọn, JSS3 wa ló sì bá kíláàsì 9 dọ́gba. Kírẹ́díìtì níbẹ̀ ni kíláàsì tí ọmọ kọ́ tó sì yege nínú rẹ̀: ọdún kan gbáko sábà máa ń jẹ́ kírẹ́díìtì kan, ìdajì ọdún jẹ́ ìdajì. Ní ìpínlẹ̀ Texas, ọmọ nílò 22 kí ó tó lè jáde lábẹ́ ètò ìpìlẹ̀ wọn: mẹ́rin nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta nínú Ìṣirò, mẹ́ta nínú sáyẹ́ǹsì, mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ àwùjọ, méjì nínú èdè mìíràn, ọ̀kan nínú eré ìdárayá, ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọnà, àti márùn-ún tí ó bá wù ú. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ pàtàkì kan kún un yóò ní 26.

Ríkọ́ọ̀dù láti Nàìjíríà ni ilé ìwé ibẹ̀ fi ń ka ohun tí ọmọ ti ṣe sí kírẹ́díìtì. Ọmọ SS2 tó bá dé láìní ìwé kankan, wọ́n lè dá a padà sí kíláàsì 9, kó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́, ẹ gba àkọsílẹ̀ máàkì láti JSS3 títí dé táàmù tó gbẹ̀yìn, táàmù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí i kó sì lu òǹtẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀kan sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kí ẹ̀yin sì mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ bí máàkì wọn ṣe ń lọ sẹ́yìn rẹ̀, pé 50 jẹ́ kírẹ́díìtì àti pé 75 ni A, torí lójú ọ̀pọ̀ tíṣà ibẹ̀ ọmọ tó ní 64 ti kùnà. Kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù ọmọ.